Omi Tí Mo Fi Du Àwọn Ọmọ

Oṣù mẹ́jọ rèé tí ìyàwó mi ti kú. Láti ìgbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ti ń rọ̀ mí pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń parí ìwé mẹ́wàá lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Ó ní àwọn kan nínú wọn ń wo iṣẹ́ ìlera. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun tí a fi ń fa ọmọdé mọ́ra. Ó ní, "Ẹ ṣáà kọ ọ́ bó ṣe rí, bàbá." Bó ṣe rí nìyí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ dìsípẹ́ńsárì ní Ọ̀rẹ̀ àti ní agbègbè Odìgbó. Púpọ̀ nínú ọdún náà, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ọmọ kéékèèké ni mo ń tọ́jú. Ibà wà, egbò wà, ejò máa ń bu àgbẹ̀ jẹ nínú oko kòkó, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá tó gbé ọmọ tó ń ṣu tó sì ń bì dání ni yóò kún orí bẹ́ńṣì wa láti àárọ̀.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ilé ìwé módà, mo kọ̀wé béèrè iṣẹ́, wọ́n pè mí. Owó oṣù náà kò tó ohun à ń ròyìn. Ẹni tó yẹ kí n ròyìn ni ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, Ọ̀gá Akinṣọlá. Ọkùnrin gíga tín-ín-rín ni, láti ìhà Òkìtìpupa, tí aṣọ funfun rẹ̀ máa ń mú bí abẹ níbi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi. Mo fọ̀ ọ́, mo padà wá. Ó gbá ọwọ́ náà mú, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo abẹ́ èékánná mi.

"Ìyá rẹ ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà, ọ̀gá."

"Wọ́n bímọ dáadáa. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Padà lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo padà lọ sídìí bésìnnì lọ́jọ́ náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó kàn yí ojú sí ibòmíràn. Nígbà tó yá ló tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ìgbẹ́ ọmọ kan tó bá há sí ọ lábẹ́ èékánná lè sin ọmọ mẹ́wàá. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀, ojú rẹ kò rí i, òun ń rí ọ."

Kò sí abẹ́rẹ́ alájùnù nígbà náà, irú èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù. Onígíláàsì ni. Èmi ni mo ń sè é lórí sítóòfù ní àràárọ̀, èmi ni mo ń pọ́n ẹnu abẹ́rẹ́ lórí òkúta nígbà tó bá ti kú. Oògùn inú rírun wa wà nínú ìgò ńlá kan, ó funfun bí ẹfun tí a pò mọ́ omi, ó sì máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. A gbọ́dọ̀ mì ín kí a tó bù ú. Ọ̀gá yóò dúró sẹ́yìn mi, yóò máa kà á bí mo ṣe ń mì ín. Bí n kò bá mì ín pé ogún, ṣíbí onígi yóò dún ní àtàrí mi. Títí di òní, bí mo bá mú ìgò oògùn ikọ́ lásán lọ́wọ́, mo máa ń bá ara mi tí mò ń kà.

Mo bẹ̀rù rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó gbọ́ ìyókù. Ọ̀gá mi kì í ṣe aláìmọ̀kan, kì í sì í ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló kọ́ mi.

Òfin kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ré kọjá. Ọmọ tí inú rẹ̀ bá ń ṣí, tó ń ṣu gbuuru, kò gbọdọ̀ jẹ, kò sì gbọdọ̀ mu, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ọ̀gá ní ìfun gbọ́dọ̀ sinmi. Oògùn funfun nìkan ni, ṣíbí kan ní àárọ̀, ọ̀kan ní ọ̀sán, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìyá kan bá ní òun ti fún ọmọ lómi ní ọ̀nà, Ọ̀gá yóò gbé kálámù sílẹ̀.

"Ìyá, bí òrùlé ilé rẹ bá ń jò, ṣé wàá gun orí rẹ̀ lọ máa da omi sí i?"

"Rárá o, Dókítà."

"Kí ló dé tó o wá ń da omi sínú ọmọ tó ń jò?"

Àwọn obìnrin yòókù á rẹ́rìn-ín, ìyá náà á tẹrí ba. Dókítà ni wọ́n máa ń pe gbogbo àwa tó ń pín oògùn. Kò ṣòro láti mú kí wọ́n gbà á, nítorí ohun tí àwọn ìyá àgbà wọn ti ń sọ nílé nìyẹn. Bí ilé àti ìwé bá ti fohùn ṣọ̀kan, ta ni yóò tún béèrè?

Nígbà tí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, wọ́n fi èmi náà ṣe olórí dìsípẹ́ńsárì kan ní ìhà Odìgbó, tó sún mọ́ Ọ̀rẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù. Mo mú gbogbo òfin Ọ̀gá lọ, títí kan àwàdà òrùlé tó ń jò. Èmi náà máa ń gbé kálámù sílẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lónìí kò lè mọ bí Ọ̀rẹ̀ ṣe kún. Ọkọ̀ tó ń ti Bìní bọ̀ àti èyí tó ń lọ kò dáwọ́ dúró. Búkà ń hù ní ẹ̀bá títì bí olú. Gbogbo ènìyàn ló ra rédíò. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kò dé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò pọ̀ sí i, odò kan náà tí a ń pọn ni a ń fọ aṣọ sí, òun náà ni àgbàrá ń gbá ẹ̀yìnkùlé gbogbo lọ dà sí. Mílíìkì alágolo wọ̀lú pẹ̀lú ìgò oníke tó ní ọmú rọ́bà. Ìyá tó bá rí já jẹ kò fẹ́ kí wọ́n rí òun kí ó máa fún ọmọ lọ́mú ní gbangba mọ́.

Ìyá olóúnjẹ kan gbé ọmọkùnrin oṣù mẹ́jọ wá bá mi, ìgò náà so mọ́ ọmọ lọ́rùn bí ẹ̀gbà. Ó ní, "Ẹ wò ó, Dókítà, òun kò mọ ọmú mọ́ o. Ó ti di ọmọ òyìnbó."

Mo gbóòórùn ìgò náà. "Ìgbà wo lẹ fọ èyí?"

"Àárọ̀."

"Àárọ̀ èwo?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹjọ́ ti pọ̀ jù lẹ́nu yín, Dókítà. Ẹ ṣáà fún un ní abẹ́rẹ́."

Gbogbo wọn ń fẹ́ abẹ́rẹ́. Mo gún un ní abẹ́rẹ́, mo fún un ní oògùn funfun, mo sì ní kí wọ́n má fún un lómi. Ọmọ náà kú. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, mo fa ìlà sí i, mo pe ẹni tó kàn.

Ní ojú ọ̀nà Ajue, ilé àdúrà àwọn Aládùúrà kan wà tí a fi pákó kọ́. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìjọ ló ń darí rẹ̀, ó sanra, ó ń rìn láìwọ bàtà nínú aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀. Àwọn tí kò fẹ́ràn ojú mi máa ń gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Omi ló fi ń wo gbogbo àìsàn. Omi ìsun ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sè é, ó ní wọ́n fi hàn òun lójú ìran pé kí òun máa sè é kí òun tó gbàdúrà sí i. Ọmọ tó bá ń ṣu, yóò tẹ́ ẹ sórí ẹní, yóò máa fi ṣíbí kán omi náà sí i lẹ́nu bó ti ń kọrin, láti òwúrọ̀ títí ọmọ náà yóò fi lè gbé orí sókè.

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo gun alùpùpù mi kọjá, mo dúró, mo ní, "Ìyá Ìjọ, ọmọ mélòó lẹ ti fi omi pa lọ́sẹ̀ yìí?"

Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Dókítà, kò sẹ́ni tó ń bá omi ṣọ̀tá o. Àwọn tó wà lórí ẹní mi ń tọ̀. Tiyín ńkọ́? Wọ́n ń tọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Ajue. Mo sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè tó yẹ kí n ti máa béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ọdún pípẹ́ ló bi mí yẹn. Ọmọ tí kò tọ̀ láti àárọ̀, omi ara rẹ̀ ti ń tán. Mo sì mọ̀, pẹ̀lú ojú mi, pé àwọn ọmọ kan tí mo ti sọ̀rètí nù lórí wọn ń sáré kiri ní ẹ̀yìn ilé àdúrà yẹn lọ́sẹ̀ kejì. Mo ní orí ló bá wọn ṣe é.

Mo ti fẹ́ Fọlákẹ́ nígbà náà. Ọmọ Ìkálẹ̀ bíi tèmi ni, ó ń rán aṣọ. Ọmọ kan ṣoṣo la tíì bí, Títílayọ̀, ọmọ ọdún kan àbọ̀. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ kò tíì pé mẹ́wàá.

Ọdún kan, òjò bẹ̀rẹ̀ láìtọ́jọ́, kò sì dá. Iṣẹ́ dé sí mi pé àìsàn ti wọ abúlé oko kan lẹ́yìn Aráròmí-Obù. Àwọn àgbẹ̀ àtìpó ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá ń ṣe kòkó fún àwọn onílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí i pé àgbàrá ti gbé ẹ̀gbin wọ inú odò tí gbogbo wọn ń mu. Ìgbẹ́ àwọn ọmọ náà dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Àwọn mìíràn ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Ojú wọn ti jìn, àwújẹ̀ àwọn tó kéré ti wọnú bí àwo. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Mo pín oògùn funfun, mo sì lọ láti ilé dé ilé láti rí i pé kò sẹ́ni tó fún ọmọ lómi. Mo gba ife lọ́wọ́ àwọn ìyá. Mo gba kèrègbè lọ́wọ́ bàbá kan, ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí i bí mo ṣe ń gbé e lọ. Ní ọjọ́ kìíní mo ń ka àwọn tí wọ́n sin. Ní ọjọ́ kejì mi ò kà mọ́.

Àwọn ìyá mélòó kan pọn ọmọ wọn, wọ́n sá mọ́ mi lọ́wọ́ gba ilé Ìyá Ìjọ lọ. Mo bú wọn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ọmọ wọn yè.

Mo padà sílé. Kí n tó wọlé, mo fọ ọwọ́ mi bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo fi ọṣẹ ha abẹ́ èékánná. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo gbé e wálé. Bóyá bàtà mi ni, bóyá omi tiwa náà ni. Mi ò ní mọ̀ láé. Ní ọjọ́ kejì ni inú Títí ṣí.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Nígbà tí oòrùn fi máa mú, ó ń sunkún, omi kò jáde lójú rẹ̀. Ó ń tọ́ka sí ìkòkò omi tó wà ní igun ilé. "Omi," ló ń wí. Ó mọ ìyẹn pè.

Fọlákẹ́ ní, "Bàbá Títí, ẹ jọ̀ọ́. Ṣíbí kan péré. Ẹ jẹ́ kí n kán an sí i lẹ́nu."

"Ó di ọ̀la. Kí ìfun rẹ̀ sinmi."

"Ọmọ ń bẹ omi, ẹ̀ ń sọ ti ìfun."

"Fọlákẹ́, bí òrùlé bá ń jò, ṣé omi lèèyàn ń dà sí i?"

Ó wò mí. "Ọmọ mi kì í ṣe òrùlé." Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ bá Ìyá Ìjọ. Kí ẹ má tẹ̀lé mi. Mo bẹ̀ yín."

"Kí gbogbo Odìgbó wá rí ìyàwó dókítà lórí ẹní Aládùúrà? Ta ló kọ́ṣẹ́ yìí nínú àwa méjèèjì?"

Mo jáde lọ sí dìsípẹ́ńsárì láti bu oògùn. Mo mì ín pé ogún. Nígbà tí mo padà dé, àyà ẹ̀wù Títí tutù, ife kan sì wà nílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn.

"Ta ló fún un lómi?"

"Kò sẹ́ni."

Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà bì. Omi lásán ni. Mo nawọ́ sí i, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi pa ilé ara mi. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ìwọ lo ṣe é." Mo gbé ìkòkò omi náà jáde, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Títí kú ní àkókò tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá lọ sílé. A ń gbọ́ ohùn wọn lójú títì. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló kú sí.

Wọ́n bá wa kẹ́dùn bí wọ́n ṣe ń bá òbí ọmọ kékeré kẹ́dùn: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Fọlákẹ́ kò sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ funfun mi, ó ń kí mi káàbọ̀. A tún bí ọkùnrin méjì. Nígbàkígbà tí inú ọ̀kan nínú wọn bá ṣí, yóò gbé e lé mi lọ́wọ́, yóò sì jáde lọ jókòó sí ilé aládùúgbò. Ó ní òun kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ẹ̀rù àìsàn ló ń bà á. Àwọn ọmọ náà kò kú. Mi ò mọ ìdí tí wọn kò fi kú, nítorí èmi kò yí ọwọ́ padà.

Ọdún bíi mẹ́fà lẹ́yìn ikú Títí ni wọ́n pe àwa òṣìṣẹ́ dìsípẹ́ńsárì sí Akúrẹ́ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà obìnrin kan ló kọ́ wa, ó kéré sí gbogbo wa lọ́jọ́ orí. Ó gbé ìgò bíà ńlá kan tó ṣófo ka orí tábìlì, ṣúgà onígun, àti iyọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pariwo.

"Dókítà, ta ló mu ti inú rẹ̀?"

"Bóyá oògùn tuntun náà nìyẹn, ẹ jẹ́ ká bá a tọ́ ọ wò!"

Ó dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. Ó da omi tútù tí wọ́n ti sè kún ìgò náà, ó po ṣúgà márùn-ún mọ́ ọn pẹ̀lú ṣíbí tíì iyọ̀ kan tí kò ga. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, kì í ṣe ìgbẹ́ ló ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Omi tó ń bá ìgbẹ́ lọ ló ń pa wọ́n. Bí ẹ bá ń dá a padà fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní kú."

Mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Bí ọmọ náà bá bì í ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún fún un, ṣíbí kan, ṣíbí kan. Bíbì kò ní kí ẹ dáwọ́ dúró."

"Bí kò bá sí iyọ̀, tí kò sí ṣúgà ńkọ́? Tó jẹ́ omi lásán?"

"Ó sàn ju kí ẹ fi òùngbẹ pa á lọ, bàbá." Ó wò mí dáadáa. "Kí ló dé, sà?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n ọdún yìí ni wèrè ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Àwọn tó bá mi lọ fi òwe náà rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà bọ̀. Èmi ń wo igbó lójú fèrèsé. Mò ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Fọlákẹ́. Mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Nígbà tí mo wọlé, ó ní, "Ẹ kú ìrìnàjò. Kí ni wọ́n kọ́ yín?" Mo ní, "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni." Mo jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ìyá. Ìyá kan dìde, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká má fún wọn lómi?" Mo ní èmi ni, mo sì ṣìnà. Mo lè sọ ọ́ fún un. Mo gun alùpùpù lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìjọ pàápàá, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé pákó rẹ̀, mo sọ ohun tí mo gbọ́ ní Akúrẹ́ fún un, mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Dókítà. Ó pẹ́ kí ẹ tó dé, ṣùgbọ́n ẹ dé." Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò ní orúnkún mi, mo padà lọ sílé, mi ò sì sọ nǹkan kan fún ìyàwó mi. Oṣù márùn-ún gbáko.

Obìnrin kan láti Àgọ́ Aláayè ló tú u síta. Ìyá Múrí ni wọ́n ń pè é, ìyàwó àgbẹ̀ àtìpó kan, tí ọmọ rẹ̀ yè lọ́wọ́ wa. Ó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá sílé láti dúpẹ́. Fọlákẹ́ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, èmi ń ka ìwé ìròyìn.

"Ìyá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá," ló wí. "Omi ni! Omi lásán, iyọ̀ àti ṣúgà. Tẹ́lẹ̀, ṣebí òùngbẹ la fi ń pa wọ́n. Bàbá fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún wa pé àìfún wọn lómi ló ń pa wọ́n."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Láti ìgbà wo ni bàbá ti ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ah, ó pẹ́ o. Láti ìgbà ìkórè kòkó."

Fọlákẹ́ bá a gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sílẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kó kí bàbá Múrí. Lẹ́yìn náà ó padà wá dúró níwájú mi.

"Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà ìkórè."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹnu mẹ́ta ni mo fún un," ló wí. "Mo kà á. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ wá wọlé, ẹ ní èmi ni mo ṣe é. Ọdún mẹ́fà, Bàbá Títí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi mọ̀ pé ọwọ́ mi ló pa ọmọ mi. Mi ò lè fi ọwọ́ yìí kan àwọn àbúrò rẹ̀ tí ara wọn kò bá yá. Ẹ rí mi. Ẹ rí mi lójoojúmọ́."

Mo ní, "Fọlákẹ́, ojú ló tì mí."

Ó ní, "Ojú tì yín." Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti ń wá sí dìsípẹ́ńsárì ní Ọjọ́bọ̀, láìsí ẹni tó pè é. Òun ló ń po omi náà kí àwọn ìyá lè rí i, ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Bí wọ́n bá ní báwo ni àwọn yóò ṣe mọ̀ bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, á ní, "Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí omijé ṣe rí lẹ́nu." Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é, kò gba kọ́bọ̀. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn, á máa lọ níwájú, èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyókù iṣẹ́ ayé mi kò gbà mí lákòókò láti sọ. Owó epo gbẹ. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ kan fún wa, ó bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ onígíláàsì lọ, ti ike dé. Àpò kékeré oníyọ̀ tí a ń tú sómi dé, ó tán, ó tún dé. Àwọn tó ń kiri oògùn ń ta kápúsù lójú títì Ọ̀rẹ̀ fún ẹni tí ikùn ń run, kì í pé ìwọ̀n tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni taifọ́ọ̀dù ṣe di ohun tí oògùn kò tètè rí ṣe mọ́. Mo fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá mo gba ọ̀nà Aráròmí-Obù, odò náà ṣì wà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ń pọn ọ́n, aṣọ ìdọ̀tí ọmọ wà lórí òkúta níwájú wọn. Mo ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mi ò mọ ohun tí mo yí padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ ó ṣìnà, nítorí ẹni tó kọ́ yín náà lè ṣìnà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá mọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àwọn ará ìta lè dúró.

Fọlákẹ́ ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́ kó tó kú. Àyà ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo jókòó tì í, àwọn ọmọ wa kò sí nítòsí. Mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Ó pa ojú dé, mo rò pé ó ti sùn.

Ó ní, "Ti Títí, ó ti pẹ́ tí mo ti dárí rẹ̀ jì yín. Ẹ kò mọ̀ nígbà yẹn."

Mo ní, "Ti oṣù márùn-ún yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn," ló wí, "ẹ mọ̀."

Mo dúró kó sọ nǹkan mìíràn. Mo dúró títí ọ̀sán fi rọ̀. Kò sọ ọ́.